Òrùka Bàbà Lórí Òpó Irin: Bí Mo Ṣe Wá Gíga Tó Yẹ Ẹ̀ríàlì Bàbá Mi ní Kubwa

Inú oṣù Kejì ni Bàbá mi ti Ṣakí wá bá wa ní Kubwa, l'Abuja, nítorí iṣẹ́ abẹ ojú. Bàbá kì í wo tẹlifíṣọ̀n, rédíò ni tiwọn. Nílé ní Ṣakí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn á gbé rédíò sórí itan, wọn á yí i sí 1566 kHz, wọn á máa gbọ́ ètò Yorùbá tí TWR (Trans World Radio), ilé iṣẹ́ rédíò Kristẹni, ń fi ránṣẹ́ láti Parakou ní ilẹ̀ Benin. Parakou sí Ṣakí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 110 lọ. Parakou sí Kubwa lé ní 500. Bàbá kò ro ti èyí. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n yí rédíò síbi tí wọ́n ń yí i sí, kìkì hùn-ùn-ùn ló ń dún. Wọ́n gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ṣé ìlú yín yìí ò ní afẹ́fẹ́ ni?"

Afẹ́fẹ́ wà. Ariwo ló bò ó. Inverter wà nínú ilé wa, sólà Alhaji wà ní òdìkejì ọgbà, gílóòbù LED àti ṣájà fóònù kún gbogbo yàrá. Mo ní kí n ṣe ẹ̀ríàlì òrùka fún wọn. Òrùka náà kò gbà mí ju ọjọ́ méjì lọ. Gíga tí màá gbé e sí ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ mi, òun ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe mi wà.

1. Òrùka

Mo ra páìpù bàbà tí àwọn oníṣẹ́ AC ń lò, onídajì ínǹṣì, mítà mẹ́ta ààbọ̀. Mo so okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50 mọ́ ìṣó kan, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa òbírípo sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo wá ń tẹ páìpù náà díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ẹ má kánjú níbí. Bàbà rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ká lójú kan, ó ti ká nìyẹn. Òbírípo mítà kan ń jẹ mítà 3.14, mo gé e sí 3.3 kí orí méjèèjì lè wọnú àpótí ike tí mo fi àmúgbòòrò (amplifier) sí. Àmúgbòòrò náà, pátákó kékeré kan tí mo bèèrè láti Ṣáínà, ń jẹ 12 V, iná rẹ̀ sì ń gba inú wáyà ẹ̀ríàlì kan náà wá láti ara bátìrì UPS kan nínú ilé.

Bí irú òrùka yìí ṣe ń gbọ́ràn nìyí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n: ẹ gbé e dúró ní òòró bí wíńdò. Ohun tí ẹ bá ń rí tí ẹ bá yọjú láàárín rẹ̀, òrùka kò gbọ́ ọ. Ohun tó wà ní ọ̀gangan etí rẹ̀, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, òun ló ń gbọ́ ketekete. Ojú rẹ̀ ló fi ń dití, etí rẹ̀ ló fi ń gbọ́. Parakou wà ní ìwọ̀-oòrùn wa gbọnrangandan, nítorí náà etí kan gbọ́dọ̀ kọ sí ìwọ̀-oòrùn, ìkejì sí ìlà-oòrùn, ojú méjèèjì á wá wo àríwá àti gúúsù. Sólà Alhaji wà ní àríwá. Ilé tèmi wà ní gúúsù. Ó dà bíi pé ẹni tó pín ilẹ̀ náà mọ̀ pé mo ń bọ̀.

2. Orí òpó táǹkì

Ẹ̀ríàlì tẹlifíṣọ̀n ló bà mí lójú jẹ́. Láti kékeré la ti ń gun òrùlé lọ yí ẹ̀ríàlì, tí ẹnì kan á dúró ní ìsàlẹ̀ máa pariwo "ó ti dáa, ó ti bàjẹ́!" Gíga ni gbogbo ẹ̀. Èmi náà gbé òrùka mi lọ sórí pèpéle irin tí táǹkì omi wa wà, mo fi okùn ọ̀rá so páìpù PVC mọ́ ọn, ìsàlẹ̀ òrùka wá wà ní mítà márùn-ún ààbọ̀ sílẹ̀.

Mo tan kọ̀ǹpútà, mo fi RTL-SDR V4, ohun kékeré tí a ń ki bọ kọ̀ǹpútà tó ń sọ ọ́ di rédíò, wò ó. dB la fi ń wọn agbára ohùn: bí nọ́ńbà bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ohùn ṣe lágbára tó. Ohùn Parakou jẹ́ −62 dB, ariwo abẹ́ rẹ̀ jẹ́ −71. Ìyàtọ̀ 9 péré. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹ ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo yí òrùka sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, ariwo kò dínkù ju bíńtín lọ. Òrùka tó yẹ kó dití sí ẹ̀gbẹ́ méjì ń gbọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Kí n tó rójú ronú sí i, ìjì àkọ́kọ́ ọdún dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Abuja mọ bí ìjì ìparí oṣù Kẹta ṣe máa ń rí, eruku pupa á kọ́kọ́ bo ojú ọ̀run, òjò á wá fi pàṣán lé e. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òrùka mi so rọ̀ sára táǹkì bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kọ́rídọ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo padà lọ tẹ̀ ẹ́. Ó gún, kò gún bíi tàkọ́kọ́.

3. Òpó tó ń ga tó ń kúrú

Mo wá pinnu pé n kò ní fojú díwọ̀n mọ́. Mo fẹ́ òpó tí mo lè gbé sókè ní sẹ̀ǹtímítà 25, 25, kí n sì tún lè yí i. Kí ó wà nílẹ̀, jìnnà sí ilé. Igun ọgbà wa tó jìnnà jù jẹ́ mítà 14 sí ògiri ilé.

Ní ọjà Dei-Dei ni mo ti ra páìpù gàfáná méjì tí wọ́n gé kù: onínǹṣì méjì, mítà 1.6, àti onínǹṣì kan ààbọ̀, mítà méjì. Èyí ńlá ni mo rì sínú kọnkéré, sẹ̀ǹtímítà 80 wọlẹ̀, 80 yọ sókè. Èyí kékeré ń wọnú rẹ̀. Orí èyí kékeré ni mo ki PVC sí, òun ló gbé òrùka dúró, nítorí n kò fẹ́ kí irin gba àárín òrùka kọjá.

Mo ní kí wẹ́dà lu ihò gba inú páìpù méjèèjì kọjá, kí n máa ki bóótù onímílímítà 10 bọ̀ ọ́. Wẹ́dà wa, ọmọ Katsina kan báyìí, wo mi lójú, ó wo páìpù. "Oga, zai juya?" Ó ń bi mí pé ṣé yóò máa yí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò yí. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu ihò tí mo ní kó lù. Ìgbà tí mo délé, tí mo ki bóótù bọ inú rẹ̀, ni mo tó mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín: bóótù tó gba inú páìpù méjèèjì kọjá ti de gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò lè yí. Mo ní òpó tó ga dáadáa tó sì kọjú síbì kan ṣoṣo títí ayé.

Mo padà lọ bá a. Kò tún rẹ́rìn-ín, ó kàn ní "ba matsala", kò sí wàhálà. Bó ṣe tún un ṣe nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí mo rò pé òun ni ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe ọgbọ́n tèmi. Ó lu ihò márùn-ún sára páìpù kékeré nìkan, sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín èkíní àti èkejì. Bóótù yóò gba inú páìpù kékeré kọjá, orí rẹ̀ méjèèjì á yọ síta, á wá jókòó sórí ẹnu páìpù ńlá, bí ọmọrí odó tí wọ́n fi dábùú ẹnu odó. Páìpù kò lè jábọ́, ó sì ń yí bó ṣe wù ú. Ihò tí mo ṣì lù sára páìpù ńlá, ó jó nọ́ọ̀tì kan mọ́ ẹnu rẹ̀, mo wá ń fi bóótù kékeré fún páìpù inú mọ́lẹ̀ bí mo bá ti rí ibi tí mo fẹ́ kó kọjú sí.

Ó ku ohun kan. Páìpù kékeré ń mì nínú ńlá, àyè tó wà láàárín wọn tó mílímítà mẹ́rin sí márùn-ún, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, òrùka á máa jó. Mo gé túùbù táyà ọkọ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́, mo wé e mọ́ páìpù kékeré ní ibi méjì, mo fi gírísì díẹ̀ sí i. Ó dákẹ́.

Pẹ̀lú ihò márùn-ún yìí, ìsàlẹ̀ òrùka lè wà ní mítà 1.25, 1.5, 1.75, 2.0 tàbí 2.25. Mo tún gé PVC kan tó lè gbé e dé 3.0. Fún ìsàlẹ̀ pátápátá, mo kàn gbé e sórí àga oníke, ìyẹn nǹkan bí ìdajì mítà.

4. Alẹ́ mẹ́ta tó bọ́ sọ́wọ́ òfo

Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé e sókè tí mo ń gbé e sílẹ̀, tí mo ń sáré wọlé wo kọ̀ǹpútà, tí mo ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Alẹ́ kìíní, mítà 2.25 ló dára jù. Alẹ́ kejì, 1.25 ló borí. Alẹ́ kẹta, àga oníke. Ìyàwó mi ní bóyá kí n dán abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé lálẹ́, ojú ọ̀run ni ohùn Parakou ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó bá sì gba ojú ọ̀run kì í dúró lójú kan. Ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ọmọ tó wà lórí jáńgílófà. Láàárín ìṣẹ́jú tí mo fi ń yọ bóótù, ohùn náà lè fi 10 dB lọ sílẹ̀ kó tún padà wá. N kò wọn gíga kankan, jáńgílófà ni mò ń wọ̀n.

Mo yí ọ̀nà padà. Fún ohùn Parakou, mo máa ń wo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí gíga kọ̀ọ̀kan, mo máa ń mú àárín rẹ̀, mo sì máa ń padà sí 1.75 lẹ́yìn gíga kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ̀ bóyá ojú ọ̀run ló yí padà tàbí òpó. Fún dídití, n kò lo Parakou rárá. Mo gbé bátìrì ọkọ̀ àti inverter kékeré tí wọ́n ń lò nínú mọ́tò lọ sórí àpótí kan ní ogún mítà, lọ́sàn-án, nígbà tí kò sí ibùdó kankan lórí 1566. Inverter yẹn ń pariwo bí agbọ́n. Kò sì so mọ́ wáyà ilé kankan, ojú kan ló wà. Mo kọ etí òrùka sí i, mo ka ariwo rẹ̀. Mo kọ ojú sí i, mo tún kà á. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni mo pè ní dídití. Bó bá pọ̀, òrùka ń ṣiṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà ń lo bátìrì rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Alẹ́ kan tí mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, ariwo gun òkè ní 12 dB lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rò pé òpó ló bàjẹ́.

5. Wáyà

Nọ́ńbà ọ̀sán àkọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Dídití jẹ́ 17 dB ní mítà 1.25. Ó jẹ́ 13 ní 1.75. Ó jẹ́ 10 ní 2.25. Ní 3.0, ó ku 7. Bí mo ṣe ń gbé e ga ni ó ń lajú sí ohun tó yẹ kó fojú fò. Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ lórí táǹkì.

N kò mọ ìdí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo tú òrùka kúrò lára àpótí kí n lè nu ẹnu rẹ̀. Mo gbé e sórí àga. Mo wọlé wá mu omi. Kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì rí i pé ariwo inverter kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀ gedegbe, ó kàn fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ni. Mo yọjú láti fèrèsé. Òrùka wà lórí àga, kò so mọ́ nǹkankan. Rédíò ń gbọ́ láìní etí.

Kí ló ń gbọ́? Wáyà. Wáyà DStv tó gùn tó mítà 25, tó ti ara òpó sọ̀ kalẹ̀, tó gba ilẹ̀ lọ sínú ilé, tó sì lọ fara kan kọ̀ǹpútà àti gbogbo ariwo ilé. Awọ àwọ̀n tó wà lára rẹ̀ lóde ń ṣe ẹ̀ríàlì fúnra rẹ̀. Apá tó dúró lóòró lára òpó ló burú jù, nítorí ohun tó dúró lóòró ń gbọ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ bákan náà, ó sì ń da ohun tó gbọ́ sínú ibi tí òrùka ti dití. Òpó tó ga sí i ni wáyà tó gùn sí i lóòró. Gíga kò ṣe òrùka ní nǹkan kan, wáyà ló ń bọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú òrùka yìí, ẹ tú u kúrò lára àmúgbòòrò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́tí. Bí ohunkóhun bá ṣì ń wọlé, ẹ má tíì fọwọ́ kan gíga.

Oògùn rẹ̀ ni kí a ká wáyà mọ́ òrùka kékeré dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ferrite kí ariwo ẹ̀yìn awọ má lè kọjá. Mo tú páwà kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, mo rí òrùka aláwọ̀ ìyeyè àti funfun kan, inú mi dùn, mo ká wáyà mọ́ ọn. Asán. Irú òrùka yẹn, ìyẹ̀fun irin ló wà nínú rẹ̀, kò lágbára tó fún iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ méjì ló bá a lọ. Èyí tó dáa ni dúdú tó wà níbi tí iná ti ń wọnú inverter ńlá, tí wọ́n ń fi wáyà nípọn méjì ká. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún inverter ṣe ní ọjà Kubwa ni mo ti rí méjì, àwọn tó ti jó nù ló ti yọ wọ́n.

Wáyà DStv le jù láti ká mọ́ ohun tí kò tóbi ju ẹnu ife lọ. Mo lo wáyà tín-ín-rín tó wà lára ẹ̀ríàlì GPS tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ nítorí olè, mítà kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìká méjìlá. Ọ̀kan wà lábẹ́ àmúgbòòrò gan-an, ọ̀kan wà ní ẹnu ilé. Ní ẹsẹ̀ òpó, mo gbá ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì mítà 1.2 wọlẹ̀, mo so awọ wáyà mọ́ ọn. Ilẹ̀ wa jẹ́ yangí, ilẹ̀ tó le bí òkúta kí òjò tó wọ̀ ọ́ dáadáa, mo fi kẹ́ẹ̀gì omi méjì rọ̀ ọ́ ní alẹ́ kí ọ̀pá tó gbà láti wọlé láàárọ̀.

Mo tún tú òrùka kúrò. Ìdákẹ́jẹ́. Ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà tẹ́ bí omi inú àwo. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Kò sí nǹkankan níbẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni!

6. Gíga

Wàyí o, mo wá wọn gíga gan-an. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ohùn Parakou lálẹ́, èkejì ni dídití lọ́sàn-án:

0.5 m (àga oníke): −67 dB, 20 dB
1.25 m: −64, 25
1.5 m: −63, 26
1.75 m: −63, 26
2.0 m: −63, 25
2.25 m: −63, 23
3.0 m: −62, 17

Ẹ wo ohùn Parakou. Láti 1.25 dé 3.0, gbogbo ohun tí mo rí jẹ nínú làálàá yẹn kò ju 2 dB lọ, etí Bàbá kò lè mọ̀ ọ́n. Gígùn ìgbì 1566 kHz jẹ́ nǹkan bíi mítà 191. Ẹni tó fi mítà kan kún gíga òrùka láti gbọ́ ìgbì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó gun orí àpótí kó lè rí orí àpáta Zuma dáadáa.

Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kù díẹ̀. Lórí àga, ohùn lọ sílẹ̀, ibi tí òrùka ti dití sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Mo rò pé irin tó wà nínú dékìn ṣọ́kèwéè tó wà nítòsí ló fa ìyẹn, nítorí nígbà tí mo gbé àga náà jìnnà sí i, ó tún padà sójú rẹ̀. Lókè, wáyà iná tó ti orí òpó òpópónà wá sínú ilé wa gba òkè igun ọgbà yẹn kọjá, kò ga ju mítà márùn-ún lọ. Bí òrùka bá wà ní 3.0, orí rẹ̀ wà ní mítà mẹ́rin, ó ti fẹ́ fara kan wáyà yẹn, gbogbo ìdọ̀tí tó wà lórí iná ìjọba ló ń dà sí i lórí. Èyí ni ferrite kò lè bá mi wò. Ó sì léwu, n kò gbọdọ̀ gbé e débẹ̀ rárá. Mo yọ PVC gígùn yẹn lọ́jọ́ náà, n kò sì tún dá a padà.

Nítorí náà, láti 1.25 dé 2.0, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo fi bóótù sí ihò kejì, 1.5. Ọjọ́ kẹta, Alhaji wọlé wá kí Bàbá. Wọ́n gba igun ọgbà wọlé, ojú wọn wà lórí fóònù, òrùka ṣí fìlà lórí wọn. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Kai! Mást MTN ni?" Mo tọrọ gáfárà títí. Mo gbé bóótù lọ sí ihò kẹta, 1.75. Fìlà Alhaji ló pinnu gíga náà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ohun tó ṣe mí láǹfààní ju gíga lọ ni ẹ̀gbẹ́. Òpó ti wà nínú kọnkéré nígbà tí mo rí i pé pátákó sólà Alhaji kò sí ní àríwá gan-an sí i, ó fi díẹ̀ yà sí ìlà-oòrùn. Bí mo bá kọ etí sí Parakou, ojú kò kọ sí sólà dáadáa. Ká ní mo ti gbé òrùka kiri ilẹ̀ lórí àga fún alẹ́ kan kí n tó da kọnkéré, mítà mẹ́rin sí apá ìlà-oòrùn ni ǹ bá rì í sí. Mo fi ojú kọ sólà, mo jẹ́ kí etí fi díẹ̀ yẹ̀ lára Parakou. Ohùn kò dínkù tí èèyàn lè mọ̀. Etí òrùka fẹ̀, ibi tó ti dití ló tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ máa fojú sùn.

Kí n tó gbàgbé: kọ́ńpáàsì fóònù kò ṣe é gbé sún mọ́ òpó irin. Mo dúró ti òpó, ó ní ìwọ̀-oòrùn wà níbi gáréèjì. Mo sún sẹ́yìn ní mítà mẹ́ta, ó yí èrò rẹ̀ padà. Mo wá rántí pé ìparí oṣù Kẹta la wà, oòrùn ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gan-an láyìíká ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, kò sì tíì yẹ̀ púpọ̀. Mo kàn wo ibi tó wọ̀ sí.

7. Rédíò Bàbá

Bàbá kò fẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ yí. Rédíò wọn kò ní ojú ihò fún ẹ̀ríàlì ìgbì àárín (MW), èyí tí 1566 wà lórí rẹ̀. Mo ronú kan rédíò ọkọ̀: ó ń jẹ 12 V, ó ní ojú ihò ẹ̀ríàlì, ó ní kóòbù. Mo ra tòkúnbọ̀ kan, mo so ó, mo yí i: 1550, 1560, 1570. Mo yí i padà: 1570, 1560. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ni wọ́n tú u lára rẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì ń fi mẹ́wàá-mẹ́wàá fò. Tiwa ní Áfíríkà, mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án ni. Kò sí bí 1566 ṣe lè jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò gbà á padà. Mo ra ìkejì, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti Jámánì wá, mo sì dúró níwájú ìsọ̀ títí mo fi rí 1566 lójú rẹ̀ kí n tó sanwó.

8. Owó

Páìpù bàbà ₦16,000. Páìpù gàfáná méjèèjì ₦27,000. Wẹ́dà ₦6,000, ìgbà méjèèjì, ọkùnrin náà kò gba owó àṣìṣe mi. Àmúgbòòrò pẹ̀lú owó ọkọ̀ ₦38,000. Wáyà DStv ₦9,000. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ₦7,500. Òrùka dúdú méjì ₦3,000. Sìmẹ́ńtì, bóótù àti PVC ₦8,500. Rédíò Amẹ́ríkà ₦15,000, ti Jámánì ₦18,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦148,000, n kò ka kọ̀ǹpútà, RTL-SDR àti àwọn bátìrì tí mo ti ní. Ìyàwó mi kò sọ nǹkankan nígbà tí mo ka iye náà. Ó kàn bi mí pé èló ni owó ọkọ̀ láti Kubwa lọ sí Ṣakí.

9. Ibi tó dé dúró

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo rẹ̀ pé, ariwo wà ní −84, Parakou wà ní −63. Ìyàtọ̀ 21, níbi tó ti jẹ́ 9 lórí táǹkì. Bàbá jókòó, báńdéèjì wà lójú wọn kan. Wọ́n fi ọwọ́ wá kóòbù, wọ́n yí i, ohùn jáde. Wọn kò kí mi. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́.

Àwọn agbọ́n ti ń wo ẹnu PVC òkè bí ilé, mo ti fi ọ̀rá dí i. Òjò wọnú àpótí àmúgbòòrò lẹ́ẹ̀kan, mo lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa rí ibi bá jáde, ó ti tó. Bí ààrá bá sì ti ń kùn, wáyà gbọ́dọ̀ kúrò lára rédíò kó wà níta, ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì kan kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fi dán ààrá Abuja wò. Bàbá ti mọ èyí jù mí lọ. Orí rédíò ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tá, tá, kí ojú ọ̀run tó ṣú rárá, màá sì gbọ́ ohùn wọn láti yàrá: "Lọ yọ ọ́ o, ó ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Suleja!"